Sítù Tí Kò Kàwé Ló Dá Lẹ́tà Ayédèrú Mọ̀

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ọyẹ́. Mo kí bàbá mi lóko, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí àwọn àbúrò mi. Ọyẹ́ Ṣakí ti la ètè mi, n kò sì rí ẹni bá rojọ́. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè jẹ́wọ́ fún.

Mo mọ̀ pé Lámídì dírẹ́bà ti ròyìn lẹ́tà ayédèrú tó dé ilé òwú tí a ti ń ṣiṣẹ́ fún yín. Bó ṣe rí gan-an nìyí. Ọ̀gá lọ wo òwú lóko àwọn àgbẹ̀. Bàbá kan wọlé tagbádá-tagbádá, ó kí mi ní ọmọ Okaka bí ẹni tó mọ ìlú wa, ó mú lẹ́tà jáde. Wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, ó ní òǹtẹ̀. Wọ́n ní láti ọ́fíìsì àgbà wa ní Ìbàdàn ni, kí n fún ẹni tó mú un wá ní kọ́kọ́rọ́ ilé òwú kíákíá, kí n má dúró de ọ̀gá. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, mo kà á ketekete, orí mi wú. Ṣé kí n wá máa bi àgbàlagbà pé ta ló rán an ni? Mo kúnlẹ̀, mo na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Sítù tó ń gbálẹ̀, tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ló já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní òun lòun ń gbé àpò lẹ́tà wá láti pósófíìsì láràárọ̀, òun kò gbé eléyìí, ibo ló gbà wọlé? Ó ní kí bàbá jókòó mumi, ọ̀gá ń bọ̀. Bàbá ní òun fẹ́ tọ̀ níta. Títí dòní, kò tíì tọ̀ tán.

Látìgbà náà, Sítù ṣáá ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ọ̀gá ní tí lẹ́tà bá dé, kí n kọ́kọ́ bi í bóyá òun ló gbé e wá. Èmi, kí n máa bi Sítù! Ẹ̀yin náà tún wá fi kíjìpá tí ẹ hun rán Lámídì, ẹ ní kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Sítù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sùn lé aṣọ náà lórí. Mo ní bóyá ẹ̀yin kọ́ lẹ rán an, ṣebí Sítù ló kọ́ wa pé ká máa wádìí. Mo lọ bá Lámídì ní gáréèjì, mo ní tó bá jẹ́ òótọ́ ni, kó sọ àpá tó wà lára ìyá mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àpá òrí gbígbóná wà lọ́wọ́ òsì yín, ẹ sì ní kí òun sọ fún mi pé ẹ mọ̀ pé màá jowú.

Mo ti fún Sítù ní aṣọ náà, Màámi. Ó ró o wá síbi iṣẹ́ lónìí. Ó yẹ ẹ́, ó sì dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ hun tèmi. Ẹ ta kókó mẹ́ta sí etí rẹ̀, kí n lè mọ̀ pé ọwọ́ yín ló ti wá.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi, kí ọwọ́ tí ẹ fi ń hunṣọ má ṣe rọ. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé wa.

Èmi ni ọmọ yín, òjòwú yín,
Àṣàkẹ́.