Ọ̀bẹ Tí Kò Dé Kika: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Souradjou Amidou, Télọ̀

Ní Sanson ni wọ́n bí bàbá wa, Souradjou Amidou, sí ní nǹkan bí ọdún 1934, lásìkò tí wọ́n ń la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin gba Tchaourou lọ sí Parakou. Amidou, bàbá wọn, jẹ́ àgbẹ̀ oníṣu. Safiatou, ìyá wọn, jẹ́ ọmọ Ṣábẹ̀. Ọmọ méjì péré ló yè fún ìyá náà: Chérifou ni ẹ̀gbọ́n, Souradjou ni àbúrò. Ẹ̀yìn Chérifou ni àbúrò yìí gbé dàgbà.

Chérifou náà ló fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sí ilé kéwú. Ilé ìwé Faransé kò pẹ́ nínú ayé wọn, nítorí pé oko ń dúró dè wọ́n. Ní 1951, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Ṣábẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin Tchaourou. Ní 1958, wọ́n fẹ́ ìyá wa, Maïmounatou. Bàbá wọn ti kú nígbà náà, Chérifou ló sì dúró bíi bàbá ọkọ. Ní ti iṣẹ́, ọwọ́ wọn mọ́. Ẹni tó bá ní aṣọ tí bàbá wa rán kò bá òun mu, kí ó lọ wo ara rẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí ìjọba ológun gbé Rẹfolusíọ̀n wọn dé, tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kámáràdì, rédíò ń sọ lójoojúmọ́ pé kí oníkálukú gbára lé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn mìíràn gbọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n lọ sùn. Bàbá wa gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ní 1976, wọ́n ní àwọn yóò máa rọ ọ̀bẹ, kì í ṣe fún títà, fún ìgbádùn ara wọn ni. Wọn kì í ṣe ọmọ alágbẹ̀dẹ, wọn kò sì bi alágbẹ̀dẹ kankan léèrè. Wọ́n fi ìkòkò fífọ́ ṣe ilé iná lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ, ìyá wa sì ń ráhùn pé èéfín nìkan ni òun ń rí. Wọ́n gé irin lára mádígáàdì ọkọ̀ akẹ́rù tó ti kú, nítorí pé ó ń dán. Wọn kò mọ̀ pé irin rírọ̀ ni, tí kò ní le bó ti wù kí wọ́n rì í bọ omi tó. Wọ́n fi igi emi ṣe èèkù rẹ̀. Ọ̀bẹ náà rẹwà gan-an ni.

Iléyá ọdún 1977 ni ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́. Chérifou ni olórí ilé, àwọn ló sì ń dúńbú ẹran. Àwọn àna wọn ti Parakou wá bá wọn ṣọdún. Inú Chérifou dùn sí àbúrò wọn débi pé wọ́n ní ọ̀bẹ rẹ̀ ni àwọn yóò lò lójú gbogbo èèyàn. Ọ̀bẹ náà dé ọ̀fun àgbò, ojú rẹ̀ ká bí ewé. Kí wọ́n tó rí òmíràn, ọwọ́ ti kúrò lára ẹran, ó sì ti pẹ́. Àfáà ní níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ ti kúrò kí wọ́n tó dúńbú rẹ̀ tán, ẹran náà kò ṣeé jẹ mọ́, wọ́n sì sin ín. Chérifou kò pariwo. Ohun tí wọ́n sọ kò ju èyí lọ: “Súrájù, ọ̀bẹ tí o ò tíì fi bẹ iṣu rí lo gbé lé mi lọ́wọ́ lójú àna?” Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wọlé. Nínú ìdààmú ọjọ́ náà, ọ̀bẹ ọ̀hún sọnù, kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún náà, Chérifou kó lọ sí oko wọn ní Kika. Àwọn àgbà ní kí àwọn mú bàbá wa lọ bẹ ẹ̀gbọ́n wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe. Bàbá wa dáhùn pé, “D'accord, màá lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Ọ̀bẹ gidi ni màá gbé lọ fún ẹ̀gbọ́n mi.” Wọ́n tọ Aboudou alágbẹ̀dẹ lọ, ó kọ́ wọn bí a ti ń fi sípíríǹgì ọkọ̀ rọ ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ tí wọ́n rọ láti ìgbà náà wà ní ilé ìdáná púpọ̀ ní Tchaourou, ọ̀fẹ́ ni wọ́n pín wọn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó Chérifou lójú wọn. Èyí wúwo jù, èyí kò mú tó. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún, Kika kò sì kúrò níbi tó wà. Ó ń dùn wá títí di òní.

Bàbá wa kì í pa ìrun jẹ. Ọdọọdún ni wọ́n ń rán aṣọ fún àwọn ọmọ kéwú láìgba nǹkan kan. Tí Iléyá bá dé, wọ́n á pín ẹran wọn tán pátá, wọn kò ní fi ẹnu kàn án.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1989 yìí, ọ̀bẹ kan wá tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní àwọn yóò gbé e lọ sí Kika kí Iléyá tó dé. Wọ́n ti rán aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ. Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n lọ ni wọ́n wá túfọ̀ fún wọn pé Tonton Chérifou, ẹ̀gbọ́n wọn, ti kú. Etí sàréè ni wọ́n bá ẹ̀gbọ́n wọn. Raliatou, ìyàwó Chérifou, ti wọlé opó, wọn kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ilé ni bàbá wa fi ọ̀bẹ náà sí lọ; nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì wọn, wọn kò sì rọ òmíràn mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n wọn.

Wọ́n fi ìyàwó wọn, Maïmounatou, sílẹ̀, àti àwa ọmọ, Rissikatou, Seidou àti Kafilatou, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Raliatou jáde opó, ó sì wá kí wa. Ó tú gèlè kan, ọ̀bẹ mádígáàdì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti nà án tọ́, wọ́n sì ti pọ́n ọn títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní ọ̀bẹ náà ni ọkọ òun fi ń bẹ iṣu lójoojúmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kó dé Kika. Wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn pọ́n ọn. Bí àlejò bá béèrè, wọ́n á ní, “Àbúrò mi ló ṣe é.” Ó ní lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, wọ́n á gbé àga sí ojú ọ̀nà Tchaourou. Ó fẹ́ gbé ọ̀bẹ náà wá fún bàbá wa fúnra rẹ̀, opó ni kò jẹ́.

Ní ibi àdúrà ogójì ọjọ́ yìí, ọ̀bẹ tí kò dé Kika la ó fi dúńbú àgbò. Èyí tó ti Kika dé la fi bẹ iṣu tí ẹ ó jẹ.

Súrájù ọmọ Amidou, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún yín. Ẹ sùn re o, bàbá. Ẹ̀gbọ́n yín kò bínú. Ọ̀bẹ yín ni wọ́n fi jẹun títí wọ́n fi lọ.