Mo parọ́ fún ọmọ ọmọ mi nípa ojú tó ń rẹ́rìn-ín

Ẹ̀yin ará page yìí, ẹ bá mi dá sí i o, irọ́ tí mo pa ti di òótọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá àgbà ni mí, Ìlọrin níbí ni wọ́n bí mi sí, ìwé kékeré ni mo kà, ẹ má wo spelling mi. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí sí onírọ́ tó ń pa àwọn ọmọdé lẹ́rìn-ín... mo ti sọ fún wọn rí pé ọ̀nì gbé mi sọdá odò Asà, ó tún fún mi ní ṣéńjì. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló máa ń rẹ́rìn-ín jù. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ìyá ẹ̀ ti kú, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín, á kàn máa wò ni. Bàbá ẹ̀, ọmọ mi, ń gbé èrò ní Ọ̀fà Garage, kò ráyè, èmi ni mo ń mú un lọ sọ́dọ̀ àǹtí kan lẹ́bàá Post Office tó ń fi eré àti ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé.

Àǹtí yìí dáa, wàláhì. Wọ́n á jọ jókòó sórí ẹní, wọ́n á máa ya àwòrán, kò pẹ́, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́... àǹtí ló ń bá sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi! Inú mi dùn, inú mi ò sì dùn, ṣé ó yé yín? Tí wọ́n bá ṣe tán, àǹtí á gbé páálí kan jáde, ojú mẹ́ta ló wà lára ẹ̀, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín teyínteyín, ọ̀kan kàn ń wò, ọ̀kan fajú ro. Á bi ọmọ pé “Ṣé mo gbọ́ ẹ yé lónìí? Ṣé o fẹ́ padà wá bá mi?”, kí ọmọ fi ìka tọ́ ojú kan. Ó ní báyẹn làwọn ṣe ń wọn bí ọmọ ṣe fọkàn tán àwọn tó. Mo ní ẹ̀ ń wọn ìfẹ́ kẹ̀, bí ẹni ń fi kóńgò wọn àgbàdo lọ́jà Ipata? Ojú tó ń rẹ́rìn-ín lọmọ ń tọ́ ṣáá.

Àbí owú ni mo jẹ? Lọ́jọ́ kan tá à ń bọ̀ nílé, mo ní kó ṣọ́ra fún ojú eléyín yẹn o, tó bá ń fọwọ́ kàn án, á yọ lára páálí, á lọ gé ẹni tó fẹ́ràn jù láyé jẹ. Eré ni! Mo rò pé á rẹ́rìn-ín ni...

Látọjọ́ náà, ojú tó fajú ro ló ń tọ́. Score já wálẹ̀. Àǹtí ní ó jọ pé òun ti ṣẹ ọmọ, òun máa transfer ẹ̀ fún ẹlòmíì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un, àmọ́ ó ti gbọ́ ìtàn ọ̀nì lẹ́nu mi rí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní “Bàbá, ṣé ti ọ̀nì yẹn náà ni?” Ó ní ohun tọ́mọ bá fìka ara ẹ̀ tọ́ làwọn ń tẹ̀ lé. Mo sọ fún ọmọ mi, ó ní “Bàbá, ẹ tún ti dé!”

Mo wá kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà, èmi àgbàlagbà, mo fi Ọlọ́hun búra pé irọ́ ni mo pa. Ọmọ náà ní “Tó bá wá gé àǹtí jẹ ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ látìgbà tí ìyá ẹ̀ ti lọ nìyẹn... àǹtí ló pè, kò pè mí.

Kí ni kí n ṣe? Mo ti sọ òótọ́, kò sẹ́ni tó gbà á. Ṣé kí n tún parọ́ míì fún un ni, kí n ní mo ti fi ẹ̀mú yọ gbogbo eyín ojú yẹn tán? Tó bá gba ìyẹn gbọ́ ńkọ́, ṣé mo tún un ṣe ni, àbí mo tún bà á jẹ́ sí i? Ẹ dá mi lóhùn o, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ò jìnnà.