Àǹtí Siok-kheng, Ẹ Má Di Ẹrù Mọ́

Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, Àǹtí Siok-kheng. Ọdún mẹ́ta! Ṣọ́ọ̀bù ẹja yín ní ìlú Tainan ṣì ń ṣí kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi Bi-lan, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, ni mò ń dáná níbẹ̀ báyìí. Àwọn oníbàárà ń sọ ọ́ lójú mi pé ọbẹ̀ mi ò tíì dé ibi tí tiyín dé, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ.

Akin obìnrin ni yín! Nígbà tí ọkọ yín kọ̀ yín sílẹ̀, ẹ padà sílé bàbá yín. Ṣùgbọ́n ṣebí wọ́n ní ọmọbìnrin tó ti lọ́kọ rí ò gbọdọ̀ sùn nílé bàbá rẹ̀ lálẹ́ ìparí ọdún, kó má baà kó oríire àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ. Ọdọọdún lẹ ń di ẹrù. Bàbá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Ọmọbìnrin tó ti relé ọkọ, omi tó ti dà nù ni.” Ẹ̀yin náà á ní, “Omi yẹn náà ló ń se ẹja tẹ́ ẹ̀ ń jẹ, bùrọ̀dá mi.” Ẹnu yín mú!

Ẹ wá Ọlọ́run kiri. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn tó ń fárí, tí wọ́n ń gbé orí òkè, ẹ̀rín ò jẹ́ kẹ́ ẹ lè dákẹ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ẹ bá wọn kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Níkẹyìn, tẹ́ńpìlì Mazu, Ìyá Òkun, lọkàn yín balẹ̀ sí, ibẹ̀ lẹ sì ń sùn bí ọdún bá ń parí. Ẹ ní, “Òun náà ò lọ́kọ, gbogbo ayé sì ń pè é ní Ìyá. Ta ló wá ní èmi ò já mọ́ nǹkan kan?”

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Lū tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní kẹ́ ẹ fẹ́ òun, àwọn aládùúgbò ní kẹ́ ẹ tètè gbà, torí pé orúkọ obìnrin tí kò lọ́kọ kì í dé orí pẹpẹ àwọn baba ńlá. Bó bá kú, kò sílé tí wọ́n á ti gbé oúnjẹ òkú kalẹ̀ fún un, kí wọ́n pè é wá jẹun. Ẹ ní, “Mo fẹ́ràn ẹ̀ dénú. Ṣùgbọ́n mi ò ní torí ibi tí wọ́n máa gbé orúkọ mi sí lọ́kọ.” Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ jọ ń jẹun títí ẹ fi lọ.

Àǹtí, ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ṣe! Àwọn àgbà ẹbí ní ká gbé orúkọ yín lọ sí tẹ́ńpìlì àwọn obìnrin tí kò nílé. Bàbá mi kọ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó ju igi méjì tí a fi ń bi àwọn baba ńlá léèrè, ó ní ṣé wọ́n á gba orúkọ yín sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní rárá. Ó tún un jù, rárá náà ni. Ló bá fara ya, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ṣé ẹ mọ ẹni tó ń se oúnjẹ tí mò ń gbé fún yín látọjọ́ yìí?” Ó ní kí n gbé ẹja wá, kí n sè é bí ẹ ṣe ń sè é. Ó gbé abọ́ náà síwájú wọn, ó tún ju igi. Wọ́n gbà! Bàbá mi sunkún bí ọmọdé.

Orúkọ yín ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá yín báyìí. Ọ̀gbẹ́ni Lū ń gbé gúáfà wá fún yín. Lálẹ́ tí ọdún tó kọjá parí, Bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ gbé abọ́ yín kalẹ̀, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ti máa ń lé yín, ó pè yín, “Siok-kheng, wọlé wá jẹun.”

Àárò yín ń sọ wá. A fẹ́ràn yín gan-an ni. Ẹ jókòó sílé, Àǹtí. Ẹ má di ẹrù mọ́ o.