Ìkẹ́dùn sí Ìdílé Sibindi, àti Èsì Wa lórí Aago Ọwọ́ Tí Bàbá Fi Sílẹ̀

Ẹgbẹ́ Olùfẹ́ Aago Àtijọ́,
Gbọ̀ngàn Ìjọ, Mpopoma, Bulawayo.

Sí ìyá wa MaTshuma, sí ọmọ wa Mehluli, àti gbogbo ìdílé Sibindi.

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo àti ara tó ti rẹ̀ ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ méje tó ṣẹ́kù fi ń bá yín kẹ́dùn ikú Bàbá Dumezweni Sibindi, igbákejì alága wa, tó papòdà lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwé ìkẹ́dùn kẹrin tí èmi akọ̀wé máa kọ lọ́dún yìí nìyí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ tiyín tí mo tún pa á rẹ́. Ẹ forí jì wá pé ó pẹ́.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Bàbá fi sin ẹgbẹ́ yìí. Bí a bá gbé aago síwájú rẹ̀, á gbé e sétí, á fi èékánná gbá ìdérí ẹ̀yìn pẹ́pẹ́, á ní, "Ojú ẹ̀ ò bá inú ẹ̀ mu. Ẹ ṣí i." Tí a bá sì ṣí i, ẹ̀rọ aago mìíràn la máa bá níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó kórìíra àdàlù aago o. Òun gan-an ló kọ́ wa bí a ṣe ń kun ojú aago tó ti ṣá, àti bí a ṣe ń yọ ọwọ́ aago kan fi sára òmíràn. Ohun tó kórìíra ni kí àdàlù máa pe ara rẹ̀ ní ojúlówó. Òun ló fi òfin lélẹ̀ pé ẹni tó bá tún aago ṣe gbọ́dọ̀ họ àmì rẹ̀ àti ọdún sínú ìdérí ẹ̀yìn, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà jìn sí kòtò.

Mehluli, lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, o gbé aago Bàbá lé wa lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí ẹgbẹ́ fún un lọ́dún 2011, pé òun ni aago tí iléeṣẹ́ rélùwéè fi dá bàbá àgbà rẹ lọ́lá nígbà tó fẹ̀yìn tì. O ní kí á tún jẹ́rìí sí i, kí wọ́n lè fi lé ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń pín ogún. A ṣí i. Ọmọ wa, aago náà kì í ṣe ti bàbá àgbà rẹ. Ara aago kan ni ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti wá, ara òmíràn ni ọwọ́ rẹ̀ ti wá, ẹnìkan ló sì fọwọ́ kun ojú rẹ̀, títí kan orúkọ rélùwéè tó wà níbẹ̀. Nínú ìdérí ẹ̀yìn, a bá àmì bàbá rẹ: D.S., 2008.

Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí yẹn láì ṣí aago náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ ń fún aago ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìwé ẹ̀rí, àṣà wa ni pé a kì í ṣí èyí tí ẹnìkan bá jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Lójú wa, ó dà bí ẹni ń bú òkú. Ní ti Bàbá, aago bàbá rẹ̀ ni gbogbo wa mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ yẹn, Bàbá dìde, ó bọ́ ọ, ó ní, "Ẹ ṣí tèmi náà." A bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo dá a lóhùn pé, "Ẹ jókòó jàre, Bàbá. Ta ló máa yẹ olùkọ́ wò?" Ó tún un sọ, a tún rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó dá aago padà sọ́wọ́, kò sì mu tíì rẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọdún mélòó ni ó fi gbé ẹrù tí a kò jẹ́ kó sọ̀! Ojú ń tì wá gan-an, a sì ń tọrọ àforíjì.

Ìyá wa MaTshuma la kọ́kọ́ lọ bá, ká má baà fi òótọ́ tú ilé ká. Ẹnu kò yà wọ́n. Wọ́n ní, "Aago bàbá ọkọ mi ni Mehluli gùn dé Johannesburg. Àbí ó rò pé ẹsẹ̀ lòun fi rìn ni? Ẹ kọ ọ́ fún un. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé e sínú." Bàbá ta aago bàbá àgbà rẹ lọ́dún 2008 kí o lè rí owó ọkọ̀ àti ìwé ìrìnnà. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí, kí o má baà bá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lófìfo nígbà tí o bá wá sílé.

A ti fa ìwé ẹ̀rí àtijọ́ ya. Tuntun wà nínú àpòòwé yìí. Níbi tí a máa ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe aago sí, a kọ Dumezweni Sibindi, Mpopoma. A ó wà pẹ̀lú yín lọ́jọ́ pínpín ogún, a ó sì máa fọ inú aago náà lọ́dọọdún, níwọ̀n ìgbà tí ẹnìkan bá ṣì kù nínú wa.

Kí Ọlọ́run tó mọ gbogbo ohun tí òbí ń fi pamọ́ nítorí ọmọ tu ìyá wa nínú, kó sì fún wọn ní oorun tó dùn. Mehluli, kí Ó tù ọ́ nínú ìwọ náà, kí Ó sì fún ọ lágbára láti wọ aago bàbá rẹ.

Zenzo Mlilo,
Akọ̀wé, lórúkọ ẹgbẹ́.