Ẹ Má Dí Yàrà Wa

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin àti Màámi ní Ìkirè. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Gàníyù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi sí wọn. Gbogbo ẹbí ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ ní gbangba.

Ẹ ní Bùọ̀dá fẹ́ fi katapílà dí yàrà tí àwọn baba wa gbẹ́ nítorí ogun, èyí tó gba oko wa kọjá ní Orílẹ̀-Òwu, kí wọ́n lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ẹ ní gbogbo ọkùnrin ilé ti gbà, àti pé èmi obìnrin tó wà lókè òkun ò ní ọ̀rọ̀ í sọ. Bàámi, mo ní.

Òtútù ibí ò ṣeé fẹnu sọ, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó sì ń jẹ́ kí ẹ̀yìn ro mí. Ní Sátidé, a kó àwọn arúgbó lọ wo ilé ìṣọ́ olókùúta kan. Ọkùnrin tó ń mú wa káàkiri ní bí ará ibẹ̀ bá ti gbúròó àwọn akónilẹ́rù láyé àtijọ́, wọn a ti màlúù mọ́ ìsàlẹ̀, àwọn fúnra wọn a gun òkè, wọn a sì fa àkàsọ̀ gòkè sọ́dọ̀ ara wọn. Òrùlé rẹ̀ ti lọ, ẹyẹlé ló ń gbé ibẹ̀. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yọ òkúta kan níbẹ̀.

Ó wá ní bóyá ni irú ẹ̀ kù lọ́dọ̀ tiwa, torí amọ̀ la fi ń kọ́lé. Ara mi gbóná. Mo sọ fún un bí ìjà ọjà Àpòmù ṣe di ogun, bí ọ̀tá ṣe dó ti Òwu fún ìgbà pípẹ́ tí wọn ò rí yàrà àti odi wa kọjá, títí ebi fi wọlé. Ó bi mí bóyá yàrà náà ṣì wà. Mo ní ó wà, mo ti sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀ rí. Àwọn arúgbó pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí a padà wọ ọkọ̀, mo sunkún.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé bí ọmọ kan ṣoṣo bá kọ̀, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ilẹ̀ ẹbí. Ọmọ lẹ wí, ẹ ò sọ pé ọmọkùnrin. Èmi kọ̀. Kí Bùọ̀dá wá ilẹ̀ míì sí Wásinmi. Bí katapílà bá dé, màá wálé, màá sì jókòó sínú yàrà náà, kí wọ́n wá da yẹ̀pẹ̀ lé mi lórí.

Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín, á jẹ́ ká fojú kan ara wa láyọ̀. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni Sìkírá, ọmọ yín tí kò gbà.