Ojú Ọmọ Ológbò Wa Tó Lẹ̀ Pọ̀

                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara le? Orúnkún yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí. Mo gbọ́ pé ológbò yín ti bímọ, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n tètè sọ ohun tójú wa rí fún yín.

Tiwa bí mẹ́ta sínú dúrọ́ọ̀ tí mò ń kó síìpù sí. Nígbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ọ̀tún èyí tó kéré jù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Omi náà mọ́ gaara, ọmọ sì ń mu ọmú dáadáa, mo bá ń fi òwú àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún. Ìgbà tó máa fi di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ipin tó ki, tó láwọ̀ ewé, ti bò ó. Ìpéǹpéjú wú, ó lẹ̀ pọ̀. Ọmọ ń sín, kò mu ọmú mọ́.

Mo mú oògùn ojú ọkọ mi pé kí n kán an sí i. Ó gbà á lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Èmi ni wọ́n kọ ọ́ fún. Èmi kì í ṣe ológbò."

Ó gbé ọmọ náà sínú fìlà rẹ̀, ó jáde. Mo sáré tẹ̀lé e, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn mi.

Dókítà ẹranko béèrè orúkọ aláìsàn. Ọkọ mi ní kò tíì lórúkọ. Dókítà kọ "Kò-tíì-lórúkọ" sí káàdì, ó sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó fi omi rọ ojú náà títí tó fi là, ọyún tú jáde.

Ó ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tètè wá. Ká ní ẹ dúró sí i, ojú yìí lè fọ́. Omi tó mọ́, ẹ lè nù ún, kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ. Àmọ́ tó bá ti di ipin aláwọ̀, tójú wú tàbí tó dì, tọ́mọ ò jẹun, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà. Ẹ má fipá là á o."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ là ń fi oògùn tí dókítà fún wa sí i. Ọkọ mi ló ń ṣe é, ó ní ọwọ́ mi le. Ní tèmi, mi ò lè ránṣọ. Mo kàn jókòó, mò ń wò wọ́n.

Ọjọ́ karùn-ún ni ojú là dáadáa. Àmì funfun kékeré kan kù síbẹ̀, a ò sì mọ̀ bóyá ó ríran. Lánàá, mo na ìka sí i láti apá ọ̀tún rẹ̀, níbi ojú náà. Ó fò mọ́ ọn, ó gé mi jẹ. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn gan-an.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Ìyá Abẹ́rẹ́