Ẹ̀hónú Lórí Ẹ̀rọ Agékoríko Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Mi Ní Itẹ́ Òkú

Ojúlé Kẹtàlá,
Ẹ̀yìn Gáréèjì Àtijọ́,
Ore, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Keje, 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìmọ́tótó Àdúgbò Ìrètí-Ayọ̀,
Ore, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ DÁ KATAKATA KÉKERÉ MI PADÀ: KÌ Í ṢE ỌKỌ̀ ÈRÒ, KÌ Í SÌ Í ṢE Ọ̀KADÀ

1. Lẹ́tà kẹta rèé lórí ọ̀rọ̀ kan náà. N kò rí èsì sí méjì àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ má bínú bí ohùn mi bá le díẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi wa ọkọ̀ ní gáréèjì Ore kí orúnkún tó dá mi jókòó sílé. Ọdún kẹta rèé tí ìyàwó mi, Àzíìzàt, ti wà ní itẹ́ òkú àwa Mùsùlùmí lọ́nà Omifunfun. Èmi ni mò ń fi àdá gé koríko ibẹ̀, títí orúnkún fi ní òun kò ṣe mọ́.

2. Mo wá rí katakata kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń gùn gé koríko, ní Agbabu, lẹ́yìn ilé tí àwọn kan tó wá wo bítúmẹ̀nì fi sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lọ. Igi ìbẹ́pẹ ti hù gba àárín sítíárìn ẹ̀rọ náà kọjá, òkété sì ti bímọ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Aṣojú wọn tó kù níbẹ̀ tà á fún mi, ó sì kọ rìsíìtì. Ẹ̀dà rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Gbogbo àdúgbò ló fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Kàmọ́rù lọ ra ilé òkété wálé.

3. Oṣù mọ́kànlá la fi tún un ṣe. Rìlwánù tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó fọ kabúrétọ̀, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. A wá bẹ́líìtì rẹ̀ títí, kò sí. Ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ló padà bá a mu. Táyà bárò ló wà níwájú rẹ̀. Lydia, obìnrin wẹ́dà tó wà ní ìkóríta wa, fi irin síprìn tírélà ṣe abẹ tuntun fún un, abẹ náà sì mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì yẹn dún, mo sunkún. N kò tijú láti kọ ọ́ síbí.

4. Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹrin, tí í ṣe ọjọ́ ìmọ́tótó, ni mo kọ́kọ́ gùn ún lọ sí itẹ́ òkú. Mo rò pé kò sí ọjọ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ láti gé koríko. Àṣìṣe mi nìyẹn. N kò tíì gé ìdajì ìlà sàréè kìíní tí àwọn òṣìṣẹ́ yín fi dé, wọ́n ní mò ń wa ọkọ̀ lásìkò tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn. Wọ́n béèrè nọ́ńbà, wọ́n béèrè láísẹ́ǹsì. Mo nawọ́ sí koríko tí mo ti gé. Ọ̀gá wọn ní iwájú ilé ara rẹ̀ ni kálukú gbọ́dọ̀ tún ṣe lọ́jọ́ ìmọ́tótó. Mo ní iwájú ilé ìyàwó mi ni mò ń tún ṣe. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ń kó ìdọ̀tí ni wọ́n gbé ẹ̀rọ mi sí.

5. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Eli, akọ̀wé yín, kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀kadà onítáyà mẹ́rin ni, ó ní kí n lọ gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kadà. Àwọn ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn oníkatakata. Àwọn ìyẹn bi mí pé ibo ni irin ìtúlẹ̀ rẹ̀ wà. Mo padà sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Eli pé kó tún ohun tó kọ kọ, ó ní kò ṣe é tún kọ nítorí bírò lòun fi kọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá.

6. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo yọjú sí ọgbà yín láti wo ẹ̀rọ mi. N kò tètè rí i. Koríko ọgbà Ìgbìmọ̀ Ìmọ́tótó ti bò ó dé ìjókòó! Bí ẹ bá yọ̀ǹda rẹ̀, màá bá yín gé gbogbo ọgbà náà bí mo bá ti ń gùn ún jáde.

7. Bó bá jẹ́ pé wákàtí tí mo gùn ún ni ẹ̀ṣẹ̀ mi, mo gbà, n kò ní í gùn ún lásìkò bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Ẹ sáà jọ̀wọ́, ẹ dá a padà. Mo ti padà sídìí àdá. Orí àpótí tí Àzíìzàt fi ń jókòó dáná ni mo ń jókòó sí, tí mo ń gé e, tí mo ń sún un síwájú díẹ̀díẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gé bọ̀, torí koríko ti ga jù mí lọ, n kò sì rí ibi gbà kọjá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, ìlà méjì ni mo rí gé, èkíní sì ti hù padà. Ìlà kẹsàn-án ni Àzíìzàt wà.

Ẹ ṣeun, bí ẹ bá ka èyí dé òpin.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣì ń retí,

Kàmọ́rù Oyèlọlá,
Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì.